Onílù ni kí o kọ́kọ́ wá: ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ dá báǹdì Thin Lizzy sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹni tó kọ̀wé sí mi ń gbé ní Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Mo gé lẹ́tà rẹ̀ kúrú díẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Béèsì ni mo ń ta ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń ta á. Ọ̀gá mi kan níbi iṣẹ́ ló máa ń fi orin Thin Lizzy sí i nínú ọkọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ni orin náà ṣe wọ̀ mí lára. Mo fẹ́ dá báǹdì tribute sílẹ̀, tí yóò máa kọ orin wọn nìkan, kí n máa kọrin kí n sì máa ta béèsì bíi Phil Lynott. Mo kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé mò ń wá olórin fún báǹdì rọ́ọ̀kì. Ọ̀pọ̀ ló dá mi lóhùn, àmọ́ onígìtá ni gbogbo wọn, kò sí onílù kan ṣoṣo. A pàdé fúngbà díẹ̀, a sì tú ká. Níbo gan-an ni wọ́n ti ń rí olórin? Ṣé kí n kó báǹdì ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ ni? Ṣé kí n máa sanwó fún wọn? Kí n má parọ́, ẹ̀rù tún ń bà mí pé àwọn òyìnbó á máa wò mí pé kí ni ọmọ Yorùbá ń wá nídìí rọ́ọ̀kì."

Àbúrò mi, o kú ìfẹ́ orin. Ìbéèrè tí o fi parí lẹ́tà rẹ ni màá kọ́kọ́ dáhùn, ká lè gbé e kúrò lọ́nà. Wọ́n bí Phil Lynott ní West Bromwich, nílẹ̀ England, ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ọdún 1949. Philomena ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ireland, bàbá rẹ̀ wá láti Guyana, ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní Crumlin, ní ìlú Dublin, ló sì dàgbà sí. Nígbà yẹn, aláwọ̀ dúdú ò wọ́pọ̀ ní Dublin rárá. Ọmọ yẹn náà ló di aṣíwájú Thin Lizzy, báǹdì rọ́ọ̀kì tí Ireland fi ń yangàn, ère rẹ̀ sì ti wà ní Harry Street ní àárín ìlú náà láti ọdún 2005. Bí a bá padà sílé, ọdún 1972 ni Berkley Jones, Laolu Akins àti Mike Odumosu dá BLO sílẹ̀ ní Èkó, rọ́ọ̀kì tó gbóná ni wọ́n ń ṣe. Àwọn ọmọ iléèwé St. Gregory's náà gbé Ofege jáde ní àsìkò kan náà, wọn ò tíì jáde iléèwé tí orin wọn ti ń dún káàkiri. Rọ́ọ̀kì kì í ṣe àjèjì sí wa. Ẹni tó bá rí ọ tí ẹnu yà á, orin rẹ ni kó dá a lóhùn.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o ṣọ́ra fún níbẹ̀. Torí pé àwọ̀ rẹ sún mọ́ ti Lynott, àwọn kan á fẹ́ kí o fi irun àfírò, irunmú àti béèsì dúdú tó ní dígí lára ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Ra dígí náà tó bá wù ọ́, ó máa ń dára tí iná bá tàn sí i. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sanwó wọ ilé tribute mọ orin náà ju bí o ṣe rò lọ. Ìṣẹ́jú méjì ni ìmúra fi ń ṣiṣẹ́ lára wọn, etí wọn ló ń ṣiṣẹ́ títí eré á fi parí.

Ó yá, ká wá sórí iṣẹ́. Ibi tí o ti polówó kọ́ ló ba nǹkan jẹ́, ohun tí o kọ síbẹ̀ ni. "Mò ń wá olórin fún báǹdì rọ́ọ̀kì" kò sọ ohunkóhun fún ẹni tó kà á. Àwọn tó ń ta gìtá nínú yàrá wọn ní Lọ́ńdọ̀nù yìí kò lóǹkà, àwọn sì ni irú ìkéde bẹ́ẹ̀ máa ń tètè fà mọ́ra, torí pé wọ́n láyè, wọ́n sì ń wá ibi tí wọ́n á ti ta á sétí ẹlòmíràn. Onílù tó mọ iṣẹ́ kò ní ráyè bi ọ́ pé orin ta ni, níbo, ọjọ́ wo, owó ń kọ́. Ó ti ní báǹdì méjì mẹ́ta tó ń pè é. Á kà á, á sì kọjá lọ.

Kí o tó kọ ìkéde mìíràn, yan àsìkò. Ní ọdún 1972 tí wọ́n gbé "Whiskey in the Jar" jáde, ènìyàn mẹ́ta péré ni Thin Lizzy: Lynott, Brian Downey onílù, àti Eric Bell onígìtá. Láti ọdún 1974 wọ́n di mẹ́rin, Scott Gorham àti Brian Robertson ń ta gìtá pọ̀. Ní ọdún 1980, Darren Wharton dé pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù, wọ́n di márùn-ún. Àsìkò tí o bá yàn ló máa sọ iye ènìyàn tí o ń wá àti irú wọn. Ní tèmi, 1974 sí 1978 ni kí o mú. Ènìyàn mẹ́rin ni, ìwọ sì ti jẹ́ ọ̀kan. Inú àsìkò yẹn ni Jailbreak ti ọdún 1976 àti Live and Dangerous ti ọdún 1978 bọ́ sí, àwo méjì tí àwọn olólùfẹ́ báǹdì yìí mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n á ṣì máa bèèrè "Whiskey in the Jar" ní gbogbo ibi tí o bá dé. Kọ ọ́ fún wọn, kí gìtá kejì kàn máa gbè é lẹ́yìn.

Wàyí o, onílù ni kí o kọ́kọ́ wá. Má wá onígìtá kankan títí o fi máa rí i. Ìdí àkọ́kọ́ ni pé wọ́n ṣọ̀wọ́n, ilé gbígbé ló sì fà á. Ta ni ó lè gbé ìlù sí fúláàtì ní Peckham kí ará òkè àti ará ìsàlẹ̀ má pe ọlọ́pàá? Ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ onílù gbọ́dọ̀ ní ọkọ̀, ó gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò kó ìlù sí, ó sì gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò ti máa lù ú. Àwọn tó ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò pọ̀, ìdí nìyẹn tí onílù kan ṣoṣo fi máa ń wà nínú báǹdì mẹ́ta. Ìdí kejì ni pé onígìtá tó gbọ́n máa ń bèèrè ẹni tó ń lù kó tó wá. Tí o bá ní onílù tó dára, àwọn onígìtá ló máa wá ọ wá.

Ìdí kẹta jẹ mọ́ Thin Lizzy gan-an, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí o fetí sí dáadáa. Brian Downey kì í ṣe onílù aláriwo. Òun àti Lynott ti mọra láti iléèwé ní Crumlin, wọ́n sì ti jọ ṣeré kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Thin Lizzy. Ohun tó mú "The Boys Are Back in Town" dùn ni pé ìlù rẹ̀ ń fì, ó ń jó. Ìlù tí wọ́n ń pè ní shuffle ni: ìró ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan pín sí mẹ́ta, wọ́n á lu ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí, wọ́n á fo ti àárín. Onílù rọ́ọ̀kì tó jẹ́ pé tààrà nìkan ló mọ̀ ọ́n lù á sọ orin yẹn di òkú. Gìtá méjèèjì lè pé, ohùn rẹ lè pé, àwọn ènìyàn á kàn mọ̀ lára wọn pé nǹkan kan ò tọ̀nà. Fún ìdí èyí, nígbà tí o bá ń dán onílù wò, má bèèrè pé kó ṣe bẹbẹ. Ní kó lu shuffle pẹ̀lú béèsì rẹ nìkan, láìsí gìtá, láìsí orin, fún ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko. Tí ara rẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í mì fúnra rẹ̀, o ti rí i.

Ibí yìí sì ni ìbéèrè rẹ nípa ṣọ́ọ̀ṣì ti wọlé. Ọmọ tó dàgbà sí ìdí agogo tó ń lu kọ́ńkóló kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ bí ìró kan ṣe ń pín sí mẹ́ta. Ó ti wà lára rẹ̀. Mo ti rí àwọn onílù ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n gbọ́ shuffle lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n sì gbé e bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ wọn. Nítorí náà, bẹ́ẹ̀ ni, wò yíká ṣọ́ọ̀ṣì yín, wò yíká àwọn tó sún mọ́ ọn pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n má kó báǹdì náà lódindi. Ohun tí ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ wa ni pé ká tẹ̀ lé ẹni tó ń darí, ká máa wo ojú rẹ̀, ká máa fi ohun tuntun sí i bí orin ṣe ń lọ. Bí ìyìn bá gbóná, ègbè kan ṣoṣo lè gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ̀bùn ńlá ni, mi ò sì fojú kéré rẹ̀. Iṣẹ́ tribute yàtọ̀ pátápátá. Ẹni tó sanwó wọlé mọ ibi tí Downey ti fi ọwọ́ yí ìlù padà nínú àwo, ibẹ̀ náà ló sì ń retí rẹ̀, kì í ṣe níbòmíràn. Onílù tó bá ń wá àlàfo kiri láti fi dárà sí i á já a kulẹ̀. Wá ẹni kan nínú wọn tó lè jókòó ti àwo orin kan fún ọ̀sẹ̀ kan, kó lù ú bó ṣe wà, kí inú rẹ̀ sì dùn sí i. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sábà jẹ́ ẹni tí gbogbo ìjọ ń pàtẹ́wọ́ fún.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Sátidé tún wà níbẹ̀. Alẹ́ Sátidé ni pọ́ọ̀bù ń fẹ́ báǹdì. Kí ẹ tó palẹ̀ ẹrù mọ́, kí ẹ sì délé, òru ti jìn, ẹ sì gbọ́dọ̀ wà nílé ìjọsìn láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Àwọn ìjọ kan pẹ̀lú kì í fẹ́ kí olórin wọn ṣeré nílé ọtí. Lọ bá pásítọ̀ rẹ sọ̀rọ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀, kí onílù náà bá tirẹ̀ sọ̀rọ̀, kó má di pé ẹjọ́ dé ilẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti gba òde. Bí o bá ní ìyàwó, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.

Tí ṣọ́ọ̀ṣì ò bá gbé onílù jáde, ìrọ̀lẹ́ jam ni ibi tó dára jù. Ọ̀pọ̀ pọ́ọ̀bù ní Lọ́ńdọ̀nù ló ní alẹ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa ń ṣí pèpéle sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni gòkè wá ṣeré. Ti blues ni kí o máa lọ, torí pé shuffle ni oúnjẹ wọn, inú blues sì ni àwọn olórin Thin Lizzy fúnra wọn ti jáde wá. Gbé béèsì rẹ dání, gòkè, ṣeré pẹ̀lú onílù tó bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Orin mẹ́ta á sọ ohun tí lẹ́tà ogún kò lè sọ fún ọ. Lẹ́yìn náà, ra nǹkan mímu fún un, kí o sì sọ ohun tí o ń wá. Bí kò bá ráyè, bi í pé ta ló mọ̀. Àwọn onílù mọ ara wọn.

Ibòmíràn ni yàrá ìdánrawò tí wọ́n ń fi wákàtí háyà. Ẹni tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà níbẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbọ́ pé báǹdì báyìí ti tú, onílù wọn sì ti wà nílẹ̀. Àwọn olùkọ́ ìlù náà wà, wọ́n ní ọmọ iṣẹ́ àgbàlagbà tó mọ̀ ọ́n lù ṣùgbọ́n tí kò ní báǹdì. Iléèwé orin bíi BIMM àti ICMP wà nínú ìlú pẹ̀lú; ọwọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ yá, ìṣòro wọn ni pé tí wọ́n bá jáde, wọ́n á bá iṣẹ́ lọ. Mi ò ní fi ọmọ iléèwé ṣe òpó báǹdì, àmọ́ mo lè fi ṣe adípò.

Máa lọ wo àwọn báǹdì tribute mìíràn pẹ̀lú. Limehouse Lizzy ti pẹ́ lórí orin tí o fẹ́ ṣe yìí, lọ wò wọ́n kí o mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ga tó. Lọ wo àwọn tó ń kọ orin AC/DC, Whitesnake, UFO. Má lọ jí ènìyàn wọn kó, ìròyìn irú ìwà bẹ́ẹ̀ máa ń tètè tàn. Ohun tí o máa bèèrè ni ẹni tó ń bá wọn dipò. Gbogbo báǹdì tribute gidi ní orúkọ àwọn tí wọ́n ń pè nígbà tí ara ẹnì kan nínú wọn ò bá yá, dep ni wọ́n ń pè wọ́n. Nínú àwọn adípò yìí, o máa rí ẹni tó mọ iṣẹ́, tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ orin láàárín ọjọ́ mẹ́rin, tí kò sì ní báǹdì tirẹ̀.

Ìkéde ṣì wúlò o, má sọ ọ́ nù. Ní ọdún 1976, Larry Mullen, ọmọ ọdún 14, lẹ ìwé mọ́ pátákó iléèwé Mount Temple ní Dublin pé òun ń wá olórin, ibẹ̀ ni U2 ti bẹ̀rẹ̀. Ìkéde tí Lars Ulrich fi sínú ìwé ìròyìn The Recycler ní Los Angeles lọ́dún 1981 ló mú òun àti James Hetfield pàdé, tí Metallica fi dé. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Phil Collins. Ìkéde kan nínú ìwé ìròyìn orin Melody Maker ló rí lọ́dún 1970 pé báǹdì Genesis ń wá onílù. Ilé àwọn òbí Peter Gabriel, akọrin Genesis, ni ìdánwò náà ti wáyé. Collins tètè dé, wọ́n ní kó lọ lúwẹ̀ẹ́ ná nínú odò ìlúwẹ̀ẹ́ ilé náà. Níbi tó ti ń lúwẹ̀ẹ́ ló ti ń gbọ́ àwọn onílù tó ṣáájú rẹ̀, nígbà tó fi máa kàn án, ó ti mọ orin náà. Etí rẹ̀ ló gbé e wọlé, kí ọwọ́ rẹ̀ tó ṣe ohunkóhun. Ẹni tó ní irú etí yẹn ni ìwọ náà ń wá.

Kọ ìkéde tuntun náà kó rí báyìí, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tìrẹ: onílù ni a ń wá fún báǹdì tribute Thin Lizzy, orin ọdún 1974 sí 1978. Akọrin tó ń ta béèsì wà nílẹ̀. Alẹ́ Ọjọ́rú ni ìdánrawò, ní Peckham. Shuffle gbọ́dọ̀ dá ṣáṣá. Pọ́ọ̀bù àti gbọ̀ngàn kékeré la fẹ́ máa lọ, a ó sì pín owó dọ́gba. Fi orin kan tí ìwọ fúnra rẹ kọ tí o sì ta béèsì rẹ̀ sí i, bí fóònù lásán lo bá tilẹ̀ fi gbà á sílẹ̀. Gbé e sórí JoinMyBand, Gumtree, àti àwọn ẹgbẹ́ olórin gúúsù Lọ́ńdọ̀nù lórí Facebook, kí o sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fún pátákó yàrá ìdánrawò àti ṣọ́ọ̀bù gìtá.

Ọ̀rọ̀ gìtá méjì ló kù, òun ló sì máa ń tú báǹdì Thin Lizzy ká jù. Ní alẹ́ tó gbẹ̀yìn ọdún 1973, Eric Bell fi báǹdì náà sílẹ̀ láàárín eré ní Belfast. Gary Moore bá wọn dí àlàfo náà fúngbà díẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1974, Lynott pinnu pé onígìtá méjì ni òun máa gbà, kó lè jẹ́ pé tí ẹnì kan bá tún lọ, ẹnì kan á kù. Brian Robertson tó wá láti Scotland jẹ́ ọmọ ọdún 18. Scott Gorham wá láti California, ó wá sí Lọ́ńdọ̀nù torí pé ọkọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ obìnrin wà nínú báǹdì Supertramp, ó sì rò pé òun náà á ráyè níbẹ̀. Ẹni tó mọ ẹni ló júwe rẹ̀ fún Thin Lizzy. Nínú ìpinnu ẹni tí ẹ̀rù ń bà yẹn ni ohùn tí gbogbo ayé fi mọ̀ wọ́n ti jáde: gìtá méjì tí wọ́n jọ ń kọ ohùn kan náà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, bíi sopránò àti áltò nínú ẹgbẹ́ akọrin.

Áltò yẹn ni ìṣòro. Onígìtá tó ti fi ọdún mẹ́wàá kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá ta kò ní fẹ́ dúró sísàlẹ̀. Nítorí náà, má dán onígìtá wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Méjì-méjì ni kí o máa pè wọ́n, kí onílù wà níbẹ̀. Fún wọn ní orin mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú: "Jailbreak" láti mọ̀ bóyá wọ́n lè ta ohun tó rọrùn kó le koko; "The Boys Are Back in Town" nítorí ohùn méjì yẹn; àti "Emerald," níbi tí gìtá méjèèjì ti ń dá ara wọn lóhùn. Sọ fún wọn pé ìdajì ohùn (semitone kan) ni kí wọ́n sọ okùn gìtá wọn kalẹ̀, bí Thin Lizzy ṣe máa ń ṣe. Ẹni tó bá dé láìsọ ọ́ kalẹ̀ kò ka ohun tí o kọ. Ẹni tó bá ti bi ọ́ lórí fóònù pé "ti Gorham ni kí n kọ́ ni àbí ti Robertson?" ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ náà kó tó dé. Tí wọ́n bá ta orin kejì tán, ní kí wọ́n pààrọ̀ ipò, kí ẹni òkè bọ́ sísàlẹ̀. Wo ojú wọn nígbà tí o bá sọ bẹ́ẹ̀. Wo ọwọ́ wọn pẹ̀lú, bóyá ẹni ìsàlẹ̀ ń yí ohùn ẹ̀rọ rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀. Mi ò ní gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ bó ti wù kó mọ gìtá tó.

Bí o bá sì pàdé ọmọ Yorùbá tó ti ta gìtá nínú báǹdì jùjú, pè é wá dán an wò. Nínú jùjú, bí irú ti Sunny Ade, gìtá mélòó kan ló máa ń dún lẹ́ẹ̀kan náà, oníkálukú ní gbólóhùn kékeré tirẹ̀ tó gbọ́dọ̀ dì mú láìyà kúrò. Ẹni tí wọ́n fi irú ìkóra-ẹni-níjàánu yẹn tọ́ dàgbà ló yẹ láti ta gìtá ìsàlẹ̀ nínú Thin Lizzy. Ohùn gìtá Les Paul àti ẹ̀rọ Marshall ló kù tó máa kọ́, ìyẹn ò sì le.

Ìjókòó tìrẹ náà ń kọ́? Kí o tó dán ẹnikẹ́ni wò, dán ara rẹ wò. Akọrin ni Lynott kọ́kọ́ jẹ́, Brush Shiels, olórin Dublin kan tí wọ́n jọ ṣeré, ló kọ́ ọ ní béèsì kí Thin Lizzy tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún 1969. Nígbà tí Eric Bell wá bá òun àti Downey pé kí wọ́n jọ dá báǹdì sílẹ̀, ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní béèsì ni òun máa ta, wọ́n á sì máa kọ lára orin tí òun fúnra òun ṣe. Píìkì, ike pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n fi ń ta okùn, ló fi ń ta á. Ìwọ tó ń ta béèsì ṣọ́ọ̀ṣì, ìka lo ń lò, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé o máa ń fi àtàńpàkò gbá okùn. Ohùn ìka rọ̀ jù fún orin yìí, mú píìkì. Ẹ̀kejì ni ẹnu rẹ̀: bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ni Lynott ṣe ń kọrin, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìlù, béèsì rẹ̀ kì í sì í pẹ́. Kí ọwọ́ dúró déédéé kí ẹnu máa fà sẹ́yìn, iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Ta béèsì orin kan títí o fi lè máa bá ìyàwó rẹ sọ̀rọ̀ nǹkan mìíràn nígbà tí ọwọ́ ń lọ, lẹ́yìn náà ni kí o tó fi orin lé e.

Owó. Nílé, ọ̀gá báǹdì ló ni báǹdì, òun ló ń gba òde, òun ló ń fún àwọn ọmọ báǹdì ní tiwọn, owó tí wọ́n bá sì ná olórin lójú agbo wà lára èrè. Kò sí ẹni tó máa ná ọ ní pọ́ọ̀bù. Iye kan ni wọ́n á bá ọ sọ, iye yẹn náà ni. Má san owó oṣù fún ẹnikẹ́ni, torí pé ọjọ́ tí owó rẹ bá tán ni báǹdì náà máa tán. Ìwọ san owó yàrá fún àwọn ìdánwò, torí pé ìwọ lo pè wọ́n. Látìgbà tí ẹ bá ti di mẹ́rin, ẹ jọ pín owó yàrá, ẹ yọ owó epo ọkọ̀ àti ẹ̀rọ kúrò nínú owó òde, kí ẹ pín èyí tó kù dọ́gba. Adípò nìkan ni kí ẹ bá dá iye lé, kí ẹ sì san án lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ojú kan: bí a ṣe ń pín owó, ta ló ni orúkọ báǹdì, ọ̀sẹ̀ mélòó ni ẹni tó ń lọ máa fi sọ tẹ́lẹ̀. Mo rí báǹdì tó dáa tú ká lórí orúkọ tí wọn ò kọ sílẹ̀.

Nípa ẹ̀tọ́ orin, fọkàn balẹ̀. Ní Britain, ilé tí wọ́n ti ń ṣeré ló ń gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ PPL PRS, iléeṣẹ́ tó ń gba owó ẹ̀tọ́ orin, kì í ṣe báǹdì. Gbígba orin náà sílẹ̀ láti tà ni ọ̀rọ̀ mìíràn. Má fi àwòrán Lynott gan-an polówó ara rẹ, kí orúkọ tí ẹ bá sì yàn jẹ́ kó hàn gbangba pé tribute ni yín. Dara pọ̀ mọ́ Musicians' Union tí òde bá ti ń wọlé, torí pé ìdójútòfò (insurance) tó wà fún ọmọ ẹgbẹ́ á bò ọ́ tí nǹkan yín bá ṣubú lu ẹnikẹ́ni.

Pọ́ọ̀bù sábà máa ń fẹ́ ìpín méjì, ìṣẹ́jú 45 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orin bíi 20 nìyẹn. Má dúró kí ẹ mọ gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó jáde. Tí ẹ bá ti ní mẹ́jọ tó dá ṣáṣá, ẹ bá báǹdì mìíràn pín alẹ́ kan. Fún onílù, rántí pé ìlù ńlá wà ní yàrá ìdánrawò, ṣùgbọ́n òun ló máa gbé àwo idẹ (cymbal) rẹ̀, ìlù snare rẹ̀ àti pẹ́dàlì rẹ̀ wá. Ẹni tó bá ń béèrè pé kí wọ́n bá òun wá wọn kò tíì ṣe iṣẹ́ yìí rí.

Àwọn onígìtá tó dá ọ lóhùn nígbà àkọ́kọ́ ńkọ́, má pa nọ́ńbà wọn rẹ́. Inú wọn ni ẹnì kan wà tó máa bi ọ́ pé ti Gorham ni àbí ti Robertson, o kàn ò tíì fún un láyè láti bèèrè ni. Tí onílù bá ti wà nílẹ̀, fi orin mẹ́ta yẹn ránṣẹ́ sí gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà, dá ọjọ́ ìdánwò, kí o sì pè wọ́n ní méjì-méjì.